Ohun Tí Ẹnu Mi Fà Nílé Bàbá Oníhọ́kì

Oṣù kìíní ọdún 2019 ni mo dé Toronto, lásìkò tí òtútù ibẹ̀ ń gún èèyàn létí bí abẹ́rẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Òkè-Àdó ni ilé wa. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ sókè ni wọ́n bí mi sí. Bí bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn bá ń jiyàn òṣèlú, àlejò á rò pé ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Bí wọ́n bá jiyàn tán, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹ àmàlà. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Kánádà ni mò ń kọ èyí fún. Wọ́n á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó láti orí ibùsùn sórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wẹ ẹni tí ara ń ro tí kò fi ní pariwo. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ yín ohun tí ẹ ó ṣe nígbà tí arúgbó bá tan tẹlifíṣọ̀n tí olórí ìjọba sì yọjú.

Eré ìdárayá ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú yẹn kí n tó mọ òṣèlú. Lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 2019, mo wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí mo háyà ní Scarborough, mò ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi, ni ariwo bá sọ lókè bíi pé òrùlé já. Mo rò pé iná ló ń jó. Mo sáré gòkè láìwọ bàtà, ọmọ onílé mi sì dì mọ́ mi, ọmọ tí kò kí mi rí láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Kawhi Leonard ló ju bọ́ọ̀lù láti igun nígbà tí àkókò ti tán, bọ́ọ̀lù náà ta lórí irin ẹnu àwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó já sínú. Bí Raptors, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù agbọ̀n Toronto, ṣe lé Philadelphia lọ sílé nìyẹn.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, wọ́n gba ife NBA. Kò sí ẹgbẹ́ tó ti Kánádà wá tó gbà á rí. Masai Ujiri tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà náà, Zaria ló ti dàgbà. Orí mi wú! Níbi iṣẹ́, mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé ìyá kan náà ló bí wa. Lọ́jọ́ 17, mo pa iṣẹ́ jẹ, mo bá èrò lọ kí wọn ní Nathan Phillips Square. Ìbọn dún láàárín èrò, gbogbo wa sá, bàtà mi kan kù síbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí Leonard fi palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sí Los Angeles. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín: mo sunkún. Èmi tí mo ti pààrọ̀ ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́fà ni mò ń sunkún nítorí òṣìṣẹ́ tó pààrọ̀ ibi iṣẹ́.

Oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá. “Sir” ni mò ń pè wọ́n lójú wọn, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, Bàbá ni. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni wọ́n, àwọn nìkan ni wọ́n ń gbé ní East York. Alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ, láti aago mẹ́rin títí di mẹ́sàn-án. Mo ń se oúnjẹ, mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fọ abọ́, lẹ́yìn náà màá ṣí àpótí oògùn oníyàrá méje, màá rí i pé wọ́n gbé ti alẹ́ mì, kí n tó wọ kóòtù mi. Oògùn yẹn ni iṣẹ́ tó kẹ́yìn. Ẹ fi í sọ́kàn.

Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ wa kò ju “ẹ káalẹ́” àti “ó dàbọ̀” lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, Bàbá ń wo họ́kì orí yìnyín, mo dúró sẹ́yìn àga pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ ní èjìká, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe ti ọkùnrin yẹn mọ́ inú àpótí onígíláàsì. Bàbá yíjú padà wò mí bíi pé ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Wọ́n ní ó fi igi kọ́ ẹnìkejì lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó fún ìṣẹ́jú méjì, mẹ́rin sì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi dojú kọ márùn-ún títí á fi jáde. Mo ní, “Bí ọmọ tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀ kó káwọ́ sókè.” Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ṣí. Wọ́n á gbé àtẹ́ tíì sórí itan, wọ́n á fi okùn bàtà búlúù méjì dábùú rẹ̀, kóró ṣúgà mẹ́wàá á di àwọn tó ń gbá a, ìdérí ìgò oògùn wọn á sì di róbà dúdú tí wọ́n ń lé kiri. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé róbà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ré okùn búlúù kọjá kí èèyàn tó wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ojú yín kì í bá róbà náà, ẹ gba ìmọ̀ràn tí Bàbá gbà mí: ẹ má wò ó. Ẹ máa wo ibi tí àwọn èèyàn ń sá lọ. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni ojú mi là.

Maple Leafs, ẹgbẹ́ họ́kì Toronto, ni ti Bàbá. Ẹgbẹ́ yẹn kò gba ife Stanley mọ́ láti ọdún 1967. Ọmọ ọdún 27 ni Bàbá nígbà náà, ọdún yẹn náà ni Kánádà pé ọgọ́rùn-ún ọdún, Montreal sì ni wọ́n nà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí sùúrù jẹ́, ẹ bá olólùfẹ́ Leafs jókòó. Ní oṣù karùn-ún 2021, wọ́n ti na Montreal lẹ́ẹ̀mẹta, Montreal ti nà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń kọjá, ẹyọ kan péré ló kù. Wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó tẹ̀ lé e. Ìkẹyìn, lọ́jọ́ 31, òṣìṣẹ́ ìlera 550 tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé ni wọ́n gbà láàyè láti wọlé wò ó nítorí Kòrónà. Bàbá ní, “Ìwọ ló yẹ kó wà níbẹ̀.” Nígbà tó parí, wọ́n ní kí n bá àwọn pa á. Wọn ò bínú, wọn ò bú ẹnì kankan. Èmi ni mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì.

Kì í ṣe pé n kò rí àmì pé ọ̀rọ̀ òṣèlú wa ò dọ́gba o. Bàbá fẹ́ràn Don Cherry, àgbà asọ̀rọ̀ họ́kì tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 2019 nítorí ó sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé “ẹ̀yin èèyàn yìí” tí ẹ wá gbádùn ilẹ̀ wa, ẹ kì í ra òdòdó pupa tí a fi ń rántí àwọn ọmọ ogun. Bàbá ní ìyà tó jẹ ẹ́ ti pọ̀ jù. Òdòdó yẹn wà láyà mi níjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Mo dákẹ́. Ká ní mo máa ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀ ni!

Lọ́jọ́ ìdìbò ti oṣù kẹsàn-án 2021, èmi ni mo ti kẹ̀kẹ́ Bàbá débi ìdìbò. Kónsáfétífù ni wọ́n, wọn kò fi pa mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ yẹn kò rí ìjókòó kan mú ní gbogbo Toronto ní 2015, ní 2019, àti lọ́dún náà. Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi ń da ara wọn láàmú. Wọ́n ní, “O rò pé mo lè dúró lórí Leafs láti 1967, kí n má lè dúró lórí èyí?” Bàbá náà ló là mí lóye pé kò sẹ́ni tó ń dìbò fún olórí ìjọba níbẹ̀. Aṣòfin ẹkùn rẹ lò ń dìbò fún, ẹgbẹ́ tí aṣòfin rẹ̀ bá pọ̀ ló sábà máa ń jókòó sórí àga. Ní 2019, Kónsáfétífù ni ìbò rẹ̀ pọ̀ jù káàkiri orílẹ̀-èdè, ìjókòó 121 ni wọ́n rí. Líbẹ́rà ti Justin Trudeau, olórí ìjọba nígbà náà, rí 157. “Àwa la gbá róbà lọ sẹ́nu àwọ̀n jù,” Bàbá ní, “àwọn ló jẹ góólù.” N kò tíì gbọ́ ọ̀mọ̀wé tó ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku apá tó ń nira fún mi láti kọ.

Ìparí oṣù kìíní 2022, àwọn awakọ̀ tírélà wọ Ottawa, wọ́n dí iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n ń fọn fèrè ọkọ̀ tọ̀sán tòru, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ òfin abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èmi ti fi ọdún méjì wọ ilé àwọn aláìsàn pẹ̀lú ìbòjú lẹ́nu. Ẹnìkan tí a jọ gba iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà kú nínú àrùn yẹn. Lọ́jọ́ 14 oṣù kejì, Trudeau kéde òfin pàjáwìrì, mo wà nílé Bàbá. Bàbá ní ìjọba tó ń bẹ̀rù awakọ̀ kò yẹ ní ìjọba. Ẹnu mi ṣí. Kí n má parọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ló jáde. Mo ní jàǹdùkú ni gbogbo wọn, pé ẹni tó bá gbè wọ́n lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohùn tí mo fi ń pariwo góólù nínú ilé yẹn ni mo fi sọ ọ́. Bàbá kò dá mi lóhùn. Wọ́n mú rìmóòtù, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń wo dúdú rẹ̀. Mo fọ abọ́, mò ń fi ọwọ́ gbá a mọ́ ara wọn kí wọ́n lè gbọ́. Mo wọ kóòtù, mo jáde ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo gbàgbé oògùn.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀gá mi pè: ìdílé ń fẹ́ ẹlòmíràn. Alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, owó ilé oṣù yẹn sì di ẹ̀bẹ̀. Gbogbo ẹni tó bi mí léèrè, mo ní òyìnbó burúkú ni, ó kórìíra aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kẹ́dùn. Fún ọdún méjì àti àbọ̀ ni mo fi ń sọ ìtàn yìí, mo sì ń yọ oògùn kúrò nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí èèyàn bá ń sọ ìtàn ara rẹ̀, kó máa ṣọ́ ibi tó máa ń fò.

Ẹnu náà kò sinmi. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 2022, ìjọba Ontario ṣí ọjà tẹ́tẹ́ orí fóònù fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni, ìpolówó wá kún ojú eré bí eṣinṣin. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Brampton kò mọ họ́kì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun mọ̀ ọ́n. Ní oṣù karùn-ún 2024, Leafs àti Boston wọ eré ìkeje, èyí tó máa pinnu ẹni tó kọjá. Ó pè mí, mo sì dáhùn bí ẹni jókòó sórí àga Ifá: “Lọ́tẹ̀ yìí, tiwa ni.” Pastrnak ti Boston jẹ góólù sí wa ní àfikún àkókò, ayò 2 sí 1. Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ̀ pé owó ilé rẹ̀, dọ́là 1,800, ló fi ta á. Gbàgbà ni mo pín in san pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ẹnu mi wà níbẹ̀. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ kò ju méjì lọ: ó wọ inú áàpù yẹn, ó ti ara rẹ̀ mọ́ta fún ọdún kan, nítorí ààyè ìyẹn wà níbẹ̀ bí ẹ bá wá a dáadáa, ó sì pe ConnexOntario, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ń gbé fóònù lóru. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá bi mí pé ta ló máa jẹ, n kò mọ̀.

Ọdún 2024 náà ni mo di ọmọ onílùú. Ìbéèrè 20 ni ìdánwò náà, 15 ni o gbọ́dọ̀ gbà. Mo rí ìbéèrè lórí ìbò, ẹ̀rín pa mí, kóró ṣúgà Bàbá ni mo rántí. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni ìjọba dín iye àwọn tí wọ́n máa gbà wọlé kù, láti 500,000 tí wọ́n ti pinnu fún 2025 sí 395,000. Ilé wọ́n, gbogbo ẹgbẹ́ sì ń wá ẹni tí wọ́n máa dá a lé lórí. Àwa tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún láti ojú fèrèsé lásìkò Kòrónà náà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, Líbẹ́rà tí mo ti ń gbèjà nílé onílé ló sì ṣe é. Mo ti ń gbé Trudeau bí mo ṣe gbé Leonard: ẹni tí kò mọ̀ pé mo wà láyé.

Nínú oṣù kejìlá, mo pàdé ọmọ Bàbá obìnrin nílé ìtajà oògùn ní Danforth. Mo fẹ́ yà sí ọ̀nà mìíràn, ó ti rí mi. Òun ló fẹjọ́ sùn, kì í ṣe Bàbá. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá oògùn nínú àpótí, ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ sì ti ga. Ó wá sọ ohun tí n kò béèrè rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń wọ ilé yẹn. Ìyá rẹ̀ kú sílé ìwòsàn ní oṣù kẹrin 2020. Wọn kò jẹ́ kí Bàbá wọlé nítorí òfin Kòrónà. Orí fóònù tí nọ́ọ̀sì gbé dání ni wọ́n ti dágbére. Ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí àpótí ìpara ni mo dúró sí, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, “Wọ́n ṣì ń béèrè obìnrin tó ń bú rẹfirí.”

Ilé àwọn arúgbó ni Bàbá wà báyìí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo kúnlẹ̀, wọn kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, wọ́n rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ wọ́n lórí ọ̀rọ̀ àti lórí oògùn. Bàbá ní, “Oògùn yẹn ń korò tẹ́lẹ̀.” Wọ́n wá bi mí bóyá mo rí ohun tí Boston ṣe fún wa.

Nǹkan kan wà tí mo ti kọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹni tí mò ń tọ́jú bá dá òṣèlú sílẹ̀, n kì í sọ tèmi, n kì í sì í sọ pé ó tọ̀nà. Mo máa ń béèrè pé, “Ọdún wo lẹ kọ́kọ́ dìbò?” Ìtàn á bẹ̀rẹ̀, ilé tí wọ́n gbé nígbà náà á jáde, ìyàwó á jáde. Àpótí oògùn sì ni mo kọ́kọ́ ń gbé sórí tábìlì, kí tẹlifíṣọ̀n tó tàn.

Ní oṣù kejì 2025, Trump ń halẹ̀ owó bodè, ó ń pe Kánádà ní ìpínlẹ̀ kọkànléláàádọ́ta. Níbi ìdíje họ́kì orílẹ̀-èdè mẹ́rin, èrò Montreal hó lé orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lórí, ìjà mẹ́ta sì bẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án tí eré bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà ló jẹ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ 20, ní Boston, Connor McDavid jẹ góólù ní àfikún àkókò, a fi 3 sí 2 gbà á. Trudeau kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọn kò lè gba orílẹ̀-èdè wa, wọn kò sì lè gba eré wa. Fóònù mi dún, Bàbá ni, ẹ̀rín nìkan ni mo ń gbọ́ fún ìgbà díẹ̀. “Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn sọ òdodo,” wọ́n ní.

Mo dìbò mi àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin. Gbogbo ìlú ń pariwo “ìgúnpá sókè”, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lára ìjà họ́kì. Mark Carney tó rọ́pò Trudeau, tó sì ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ họ́kì ní Harvard nígbà èwe rẹ̀, wọlé pẹ̀lú ìjókòó 169 nínú 343. Pierre Poilievre tó ṣíwájú Kónsáfétífù, tí Bàbá ń gbóríyìn fún, pàdánù ìjókòó tirẹ̀ pàápàá. Bàbá bi mí léèrè ẹni tí mo dìbò fún. Mo bi wọ́n bóyá tíì wọn ti tutù.

Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, béésìbọ́ọ̀lù ni. Blue Jays ti Toronto kò gba ife láti 1993, wọ́n sì ti bá Dodgers ti Los Angeles wọ eré ìkeje nílé. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá. Bó ṣe di apá keje eré, a fi 4 sí 2 ṣíwájú, Bàbá ti sùn lọ, ẹnu wọn là sílẹ̀, fìlà búlúù bò wọ́n lójú. Mo wo ife oògùn kékeré tí nọ́ọ̀sì gbé sílẹ̀: ó ti ṣófo. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ wọn, mo jáde. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, fóònù létí, nígbà tí Dodgers dá a padà sí 4 sí 4 ní apá kẹsàn-án, mo ké “Yéè!”, ọkùnrin tó jókòó níwájú mi bo ojú. Nígbà tí wọ́n jẹ ìkarùn-ún ní apá kọkànlá, mo ti dé ilé ìdáná mi, kóòtù ṣì wà lọ́rùn mi, n kò sì lè jókòó.

Láàárọ̀, ọmọ Bàbá ránṣẹ́: wọ́n ti jí, wọ́n ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ta ló jẹ, àwọn nọ́ọ̀sì ń sá fún wọn. Mo pè. Ohùn wọn le koko bí ohùn ọmọdé tó jí lọ́jọ́ ọdún.

“Ta ló jẹ?”

Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?”